Mọ́nítọ̀ Méjì Lórí Tábìlì Kì í Ṣe Afẹfẹyẹ̀yẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń dùn mí láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, èmi kò sì fẹ́ kí ó kú sí mi nínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí, bí ó bá tilẹ̀ korò lẹ́nu.

Ọ̀gá mi kan nínú iṣẹ́ olùkọ́ wá kí mi nílé ní ọjọ́ kan. Àgbà ni wọ́n, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí náà èmi kò ní dárúkọ wọn. Nígbà tí wọ́n dé yàrá kékeré tí mo sọ di ibi iṣẹ́, wọ́n bá mọ́nítọ̀ kan lórí tábìlì, kọ̀ǹpútà alágbèéká mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àpótí pákó, tí àwọn méjèèjì ń tàn yòò. Wọ́n dúró, wọ́n wo ti ọ̀tún, wọ́n wo ti òsì. Wọ́n ní, "Ṣé báńkì lo fẹ́ dá sílẹ̀ ni, àbí ọkọ̀ òfurufú lo fẹ́ máa darí láti inú ilé? Ṣebí Yorùbá náà ni ò ń kọ́ àwọn ọmọ yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé omi tútù fún wọn, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ náà ni ó dùn mí. Èrò tí ó wà lábẹ́ ẹ̀fẹ̀ ni: pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣirò owó tàbí yíya àwòrán ilé lè lo irinṣẹ́ tí ó péye, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èdè Yorùbá, bírò kan àti ìwé kan ti tó o, bí ó bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń ṣe àṣehàn ni. Èrò yìí kì í ṣe ti ọ̀gá mi nìkan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ń pín owó ní ọgbà ẹ̀kọ́, mo sì ti gbọ́ ọ, kí n má purọ́, lẹ́nu èmi fúnra mi ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Èrò tí kò tọ̀nà ni. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ fi takò ó.

Ní ọdún 2011, nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo lọ sí ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Èkìtì láti gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀. Ìyá àgbà kan fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 sọ ìtàn ìgbéyàwó wọn fún mi, àti ti oko iṣu tí ọkọ wọn dá, àti ti ilé alámọ̀ tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ gbé. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì pọ́ńbélé ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ẹ̀ka-èdè mọ̀ pé nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní Èkìtì, ó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìsí wàhálà. Ibi tí èmi yóò ti wí pé ilé, ìyá àgbà wí pé ulé. Ibi tí èmi yóò ti wí pé iṣu, wọ́n wí pé usu. Nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ni mo ní, ojú rẹ̀ kò ju ínǹṣì 15 lọ. Bí mo ṣe ń ṣe àdàkọ ohùn náà nìyí. Mo ń lo Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ṣe fún àyẹ̀wò ohùn. Màá ṣí i, màá tẹ́tí sí gbólóhùn kan, màá wo ìlà tí ó ń fi hàn bí ohùn ṣe ń lọ sókè tí ó ń wá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà màá gbé fèrèsé yẹn kúrò, màá ṣí èyí tí mo ń kọ̀wé sí, màá kọ ohun tí mo gbọ́. Màá tún padà. Màá tún gbọ́. Màá tún wá kọ. Ẹ̀yin náà, ẹ wo ohun tí ó wà láàárín gbígbọ́ àti kíkọ. Ojú mi ti kúrò lára ohùn, kò sì tíì kan ìwé. Fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin yẹn, inú orí mi nìkan ni ọ̀rọ̀ ìyá àgbà wà, orí mi kì í sì í ṣe orí ọmọ Èkìtì. Ìbàdàn ni a bí mi sí, Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Èmi kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Mo gba oyè mi, a jẹ, a mu. Àdàkọ náà wà ní ẹ̀yìn ìwé àbọ̀ ìwádìí gẹ́gẹ́ bí àfikún, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ní ọdún 2023, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ gbé orí kan wá fún mi láti yẹ̀ wò. Ọmọ náà gbọ́n, ó sì ní sùúrù. Ó wí nínú orí náà pé fáwẹ̀lì u ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ti ń pa rẹ́ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà pàápàá ní ìlú tí mo wí yìí, pé Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń gbé e mì. Ẹ̀rí wo ni ó mú wá? Àdàkọ tèmi. Ó ti jókòó ka àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ka ulé, ó ka ilé, ilé sì pọ̀ ju ulé lọ.

Ọkàn mi kò gbà á. Mo rántí ohùn ìyá náà. Nígbà yẹn mo ti ra mọ́nítọ̀ kejì, nínú ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì tí ó lé gbogbo wa wọlé láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Mo gbé ohùn náà sí ojú kan, mo gbé àdàkọ sí ojú kejì, mo jókòó tì wọ́n láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú ti tì mí. Ibi tí mo kọ ilé sí, ulé ni ìyá wí: ìgbà 7 ní ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan. Iṣu tí mo kọ, usu ni. Àwọn ohùn ìsàlẹ̀ kan wà tí mo sọ di ohùn àárín nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwa ṣe ń pè é ní Ìbàdàn. Kì í ṣe pé etí mi di. Mo gbọ́ wọn dáadáa. Láàárín fèrèsé kan sí èkejì ni mo ti pààrọ̀ wọn. Ìyá àgbà sì ti kú. Kò sí bí wọ́n ṣe lè pè mí kí wọ́n wí pé, "Ọmọ mi, èmi kò sọ bẹ́ẹ̀."

Mo pe ọmọ náà, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó yọ orí náà kúrò, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin sì bá a lọ. Kò bínú sí mi lójú mi, ó ní, "Kò burú, sà," ṣùgbọ́n mo rí i bí ó ṣe ń ká ìwé rẹ̀ jọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé mọ́nítọ̀ kejì jẹ́ ohun afẹfẹyẹ̀yẹ̀ fún olùkọ́ Yorùbá, kí ó kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún ọmọ yẹn.

Wọ́n á ní àwọn baba wa nínú iṣẹ́ yìí kò ní kọ̀ǹpútà kankan, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ju tiwa lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń di ṣíṣe. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, ó sì wà lára àwọn tí ó tú Bíbélì sí èdè wa. Ta ni yóò gbà pé ẹni tí ó ń tú ìwé á pa ìwé tí ó ń tú dé, á jù ú sínú àpótí, á wá mú gègé láti kọ ohun tí ó bá rántí? Ìwé tí a ń tú á wà ní ṣíṣí lọ́tùn-ún, èyí tí a ń kọ á wà lósì, ojú á máa lọ, á máa bọ̀. Tábìlì ni ó gba méjèèjì. Ojú méjì ni akọ̀wé ti ń lò láti ìgbà tí ìwé ti dé. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ó wá sọ ọ́ di ojú kan, tí ó fi jẹ́ pé fèrèsé kan gbọ́dọ̀ kú kí èkejì tó yè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gbèjà ojú kan ṣoṣo ní orúkọ àwọn baba wa, àṣà tuntun ni ó ń gbèjà láìmọ̀.

Bí ìyẹn kò bá yé yín, ẹ lọ wo télọ̀ tí a gbé bùbá fún pé kí ó rán irú rẹ̀. Yóò tẹ́ ti àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tuntun, yóò máa fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ká ti àtijọ́ sínú àpò, tí ó ń fi orí lásán rántí ọrùn rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ irú ọrùn tí ẹ ó bá lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gba aṣọ yín.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ tún wà níbẹ̀, èyí sì kan gbogbo ẹni tí ó ń kọ Yorùbá, yálà ó ń ṣe àdàkọ ohùn tàbí kò ṣe é. Láti ọdún 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí, a sì ti kọ́ àwọn ọmọ títí ó fi sú wa pé àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń rí àmì. Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà tẹ àmì abẹ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà: àwọn kan ń lo ẹyọ tó kan, àwọn kan ń lo ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán. Bí ojú ìwé bá kéré, ìkan náà ni wọ́n dà bí. Kọ̀ǹpútà kò gbà pé ìkan náà ni wọ́n. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé olójú ewé 300 pẹ̀lú ẹyọ tó, gbogbo ibi tí a ti fi ìlà kọ ọ́ ni yóò fò dá. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà bí ẹ́ kò ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode. Ẹ ni ó ní àyè, àmì ohùn òkè á wá gùn ún lórí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ọ̀tọ̀, ó sì lè já bọ́ nígbà tí a bá ń kó ọ̀rọ̀ láti ètò kan sí òmíràn. Mo ti rí ìwé tí ó ti ilé ìtẹ̀wé dé tí gbogbo àmì ohùn orí ẹ àti ọ ti lọ pátápátá, tí ti a àti i sì wà níbẹ̀ digbí. Ẹni tí ó yẹ ìwé náà wò kẹ́yìn yẹ̀ ẹ́ wò ní òun nìkan, láìsí èyí tí òǹkọ̀wé fi ránṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá gbé méjèèjì kalẹ̀ papọ̀, ìṣẹ́jú kan kò ní pé kí ó tó fi ariwo ta. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ó dára. Bí ẹnìkan bá ti gbà fún mi dé ibí, yóò béèrè bí mo ṣe to tèmi. Mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ ni mo rà, ínǹṣì 24, ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín dání lọ, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín, ẹ sì ṣí ojú ìwé funfun gbalaja kan sórí rẹ̀. Ibi tí ó bá ti kú lójú yóò hàn síta. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ihò VGA nìkan ni ó ní, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, bí olówó rẹ̀ bá tilẹ̀ ń bú yín pé ẹ kò mọ ọjà. Ọdún 1987 ni IBM gbé VGA jáde; ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè mú kí etí lẹ́tà ṣú díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé. Ẹni tí ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè má kíyè sí i. Àwa ń kíyè sí i, nítorí àmì abẹ́ ṣ ni ó kọ́kọ́ ń lọ. HDMI tàbí DisplayPort ni kí ẹ bá wọn ná. Ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà yín jẹ́ ti òde òní tí kò ní ju ihò USB-C lọ, ẹ ṣọ́ra: kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ni ó ń gbé àwòrán, ẹni tí ó ń ta wáyà fún yín kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá so ó tán, bí ó bá jẹ́ Windows ni ẹ ń lò, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ lẹ́tà P. Bí ó bá wà lórí "Duplicate", ohun kan náà ni ẹ ó rí lójú méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí tí wọ́n fi ń sọ pé mọ́nítọ̀ kejì kò wúlò. "Extend" ni kí ẹ yàn. Ẹ wá wọ ibi ètò ojú ẹ̀rọ, ẹ fa àwọn àpótí méjì tí ẹ bá rí níbẹ̀ kí èyí tí ó wà lọ́tùn-ún lórí tábìlì wà lọ́tùn-ún níbẹ̀ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máòsì yín á máa fi orí sọ ògiri. Ẹ jẹ́ kí mọ́nítọ̀ wà lórí ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún; 1920 × 1080 ni ti tèmi. Ẹni tí ó bá dín in kù kí lẹ́tà lè tóbi ti tún sọ lẹ́tà náà di ṣíṣú. Ìwọ̀n lẹ́tà ni kí ẹ fi kún, kì í ṣe ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ ni kí ẹ dín.

Ohun kékeré kan wà tí ó ń bí mi nínú ju gbogbo èyí lọ, ìyẹn ìlà pupa wíríwírí tí ètò ìkọ̀wé máa ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá ni kò mọ̀, nítorí náà abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó ń fà á sí, ibi tí ó sì ń fà á sí gan-an ni àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ wa wà. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ òjò, yóò rò pé ọ̀jọ̀ ni òun rí, tàbí kí ó gbàgbé àmì pátápátá, ìlà pupa á bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Ẹ sọ fún ètò náà pé Yorùbá ni ẹ ń kọ, tàbí kí ẹ pa àyẹ̀wò sípẹ́lì rẹ̀ kí a sinmi.

Ní ti ibi tí wọn yóò dúró sí: èyí tí ẹ ń wò jù lọ ni kí ó kọjú sí yín gan-an, kí etí rẹ̀ òkè wà ní déédéé ojú yín, kí ó sì jìnnà tó ìnà apá kan, èkejì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á dojú kọ yín díẹ̀. Káfíńtà àdúgbò ni ó kan àpótí tí mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé. Ẹ má ṣe kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé ilé, ẹ má sì kọjú sí i. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wọlé. Èwo ni yóò wà ní iwájú? Àríyànjiyàn ni èyí láàárín èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi atúmọ̀ èdè. Wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń tú sí iwájú, wọ́n ń fi Yorùbá tí wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni orísun. Mo ní kí ọrùn wọn dá ẹjọ́ yìí. Ibi tí ọwọ́ ń kọ̀wé sí ni ojú ń gbé pẹ́ jù, ẹni tí ó bá sì fi wákàtí mẹ́fà kọ Yorùbá pẹ̀lú ọrùn wíwọ́ yóò kọ Yorùbá tí ọrùn rẹ̀ wọ́. Yorùbá ni ó wà níwájú lórí tábìlì tèmi. Wọn kò tíì gbà fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè iná mànàmáná, mo gbọ́ yín. Ìbéèrè yẹn nìkan ni ó lágbára nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ sí mi. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tí ó ń tan jẹnẹrétọ̀ láti ṣe àdàkọ Yorùbá gbọ́dọ̀ fẹ́ràn Yorùbá gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. Mọ́nítọ̀ LED ínǹṣì 24 kì í sábà gbà ju wáàtì 20 sí 30 lọ. Fáànù onídùúró inú pálọ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ínfátà rẹ̀ lè gbé fáànù yóò gbé mọ́nítọ̀. Ẹni tí kò bá ní ínfátà, kí ó to iṣẹ́ rẹ̀: nígbà tí iná bá wà, àdàkọ àti àyẹ̀wò, nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, kíkà àti kíkọ ohun tí kò ní orísun. Bí iná bá lọ lójijì, mọ́nítọ̀ á kú, gbogbo fèrèsé tí ó wà lójú rẹ̀ á sì sá wá sójú kọ̀ǹpútà alágbèéká bí adìyẹ tí òjò ká mọ́ ìta. Kò sí ohun tí ó sọnù. Mo ti mọ́ra.

Àwọn mìíràn ní ojú méjì ń pín ọkàn níyà. Èyí jẹ́ òótọ́ fún ẹni tí ó bá ń wo bọ́ọ̀lù lójú kejì, mo sì mọ olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà, bí mo bá fẹ́ kọ àròkọ bí irú èyí, mo máa ń pa mọ́nítọ̀ kan, nítorí kò sí ohun tí mo ń wò kọ. Inú mi ni orísun. Irinṣẹ́ àdàkọ ni mo ń gbèjà, kì í ṣe ti ìrònú. Àwọn tí ó ra mọ́nítọ̀ títẹ̀ kọrọdọ bí ìṣẹ́po òṣùmàrè, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, tí wọn kò sì tíì fi kọ ojú ewé kan, n kò sí lẹ́yìn wọn. Nítorí tiwọn ni wọ́n ṣe ń bú wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọgbà ẹ̀kọ́ ni mo ń bọ̀. Ẹ wo ohun tí ẹ̀ka èdè wa ń ná owó lé lórí nígbà tí àpéjọ bá dé: àpò tí a tẹ orúkọ àpéjọ sí lára, ankara, ife, ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ nǹkan sí. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, àpò yẹn ni a fi ń ra ẹ̀fọ́. Ọmọ tí ó ń kọ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé lórí ẹ̀ka-èdè tí àwọn tí ó ń sọ ọ́ ń dín kù lọ́dọọdún sì wà ní yàrá kan náà, ó ń tẹ fèrèsé wọlé, ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde, bí mo ti ṣe ní ọdún 2011. Owó àpò àti ife yẹn, bí a bá fi ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ fún àwọn tí ó ń ṣe àdàkọ, mélòó ni ìbá rà? Mo ti béèrè ní ìpàdé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ọ̀mọ̀wé ti tún dé pẹ̀lú mọ́nítọ̀ wọn. Ọ̀gá mi tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ wọn wà níbẹ̀, wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìpàdé wọ́n bi mí léèrè iye tí mo ra tèmi.

Mo ti tún ìṣẹ́jú 22 ṣe nínú 40 ti ìyá àgbà. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé mo ń padà sí gbogbo fáwẹ̀lì, mo sì ń kọ ọjọ́ tí mo yí i padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹni tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí àṣìṣe mi pẹ̀lú àtúnṣe rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ń bọ̀ wá sílé ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọ Èkìtì ni ìyá rẹ̀. Òun ni yóò jókòó níwájú Praat, èmi yóò jókòó níwájú ìwé, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú 23, níbi tí ìyá àgbà ti ń sọ bí òjò ṣe wó ògiri ulé wọn àkọ́kọ́.